Àfọwọ́fà Ni, Ṣùgbọ́n Ènìyàn Ni: Bí A Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Tọ́ Sí Ẹni Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà tí ìròyìn bá dé pé ẹnì kan ti fi orí kunkun kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Àwọn kan á ní àfọwọ́fà ni, kí ó jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀mí kì í ṣe ohun ìṣeré, kí gbogbo ayé sáré sí i. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé ìbéèrè tí ẹni àkọ́kọ́ ń dáhùn kọ́ ni ẹnì kejì ń dáhùn: ẹni àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹnì kejì ń sọ ẹni tí yóò dìde.

Ẹni tí ìpinnu yóò já lé léjìká ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, yálà ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú ẹbí, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń pín owó tí kò tó. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ta ni yóò gba onítọ̀hún là, ta ni yóò ru ẹrù ìnáwó rẹ̀, kí ni a ó sì ṣe kí ó má baà tún rí bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yẹn ni kí ẹ ṣe dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá fi ìkejì ṣáájú ìkíní lè pa ènìyàn.

Ẹ kọ́kọ́ lé akátá lọ

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Ẹni tó ń kú lọ kì í ṣe ẹni tí à ń dá lẹ́jọ́. Ní ọdún 1859, lẹ́yìn ogun Solferino ní ilẹ̀ Ítálì, Henry Dunant, oníṣòwò ọmọ Swítsàlandì, bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nílẹ̀ láìsí olùtọ́jú, ó sì rí i bí àwọn obìnrin ìlú Castiglione tó wà nítòsí ṣe ń tọ́jú ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá pọ̀, tí wọ́n ń sọ pé arákùnrin ni gbogbo wọn. Ohun tó rí níbẹ̀ wà lára ohun tó bí àdéhùn Geneva ti ọdún 1864, èyí tó ní kí a gbé ọmọ ogun tó bá fara gbọgbẹ́ kí a sì tọ́jú rẹ̀, orílẹ̀-èdè yòówù kí ó ti wá. Bí ayé bá lè fẹnu kò lórí èyí fún ẹni tó gbé ìbọn wá pa wá, mi ò mọ bí a ṣe fẹ́ sọ pé ó pọ̀ jù fún ẹni tó kàn kọ̀ láti dé akoto kí ó tó gun alùpùpù.

Àwọn ará ojú òkun kò fi òfin yìí ṣeré rárá. Ọ̀gákọ̀ tó bá gbọ́ pé ẹnì kan wà nínú ewu gbọ́dọ̀ darí ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, bí ó bá ti lè ṣe é láìfi àwọn ènìyàn tirẹ̀ wewu, kò sì ní kọ́kọ́ bèèrè ohun tí onítọ̀hún ń wá lórí omi. Ní oṣù kìíní ọdún 1997, ọkọ̀ ìgbòkun Tony Bullimore, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kópa nínú eré-ìje tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá wa ọkọ̀ yí ayé ká, dojú dé lágbami ìhà gúúsù níbi tí omi ti tutù bíi yìnyín. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin ló lò nínú òkùnkùn abẹ́ ọkọ̀ náà kí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Ọsirélíà tó dé, tí wọ́n fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀, tí òun náà sì lúwẹ̀ẹ́ jáde. Àríyànjiyàn gbóná lórí owó tí wọ́n ná: ṣé ó yẹ kí owó ìlú máa gba àwọn tó ń fi òkun ṣeré ìdárayá là? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kò dá ọkọ̀ ogun náà dúró létíkun.

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ wo ẹlòmíràn nínú ewu tí kò ràn án lọ́wọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, kí ó sì san owó ìtanràn tó tó 75,000 yúrò. Ní Jámánì, ẹ̀wọ̀n náà lè tó ọdún kan. Òfin méjèèjì sì ní ààlà: kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni láti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí tẹlòmíràn. Ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ lé ẹni tó ń rì. Okùn tàbí igi gígùn ni kí ó nà sí i, kí ó sì figbe ta. Nígbà tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa yọ àwọn ọmọ méjìlá àti olùkọ́ wọn nínú ihò àpáta ní ilẹ̀ Thailand lọ́dún 2018, Saman Kunan, tó ti jẹ́ ọmọ ogun ojú omi rí, kú sínú omi ihò náà lẹ́yìn tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ wọlé fún wọn. Kò sí ẹni tó yẹ kó pe àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní aláìbìkítà, mo kàn mẹ́nu bà á kí a má baà gbàgbé pé ẹyọ ẹ̀mí kan péré ni ẹni tó ń gbani là náà ní.

Ohun kan kù lórí ìgbésẹ̀ yìí, ìyẹn ni ìbéèrè tí à ń bi ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. “Kí lo mu? Ó tó mélòó? Ìgbà wo lo mu ún?” Dókítà nílò ìdáhùn wọ̀nyí kí ó tó mọ abẹ́rẹ́ tí yóò gún. Ṣùgbọ́n bí ohùn tí a fi bèèrè bá ti jọ ohùn ọlọ́pàá, aláìsàn á purọ́, irọ́ náà á sì pa á. Nítorí èyí ni ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà fi ṣe òfin lọ́dún 2007 tó dáàbò bo ẹni tó bá ké pe ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí oògùn olóró ti fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, kí wọ́n má baà fi ẹ̀sùn pé ó ní oògùn lọ́wọ́ kan òun tó pè. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílé yín náà: bí ọmọ yín bá bẹ̀rù ẹnu yín ju ikú lọ, kò ní pè yín.

Ẹ wọn ẹ̀bi náà kí ẹ tó gbé e ru ẹnikẹ́ni

Nígbà tí ẹ̀mí bá ti balẹ̀, ó di dandan kí a sọ òtítọ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò sí lára àwọn tó gbà pé kí a máa pe gbogbo nǹkan ní kádàrá. Àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń ṣe ló ni ìwà rẹ̀, bí a bá sì gba ẹ̀bi náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ńṣe ni a sọ ọ́ di ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í dọ́gba, ẹ sì ní láti wọ̀n ọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó mọ ewu náà kí ó tó wọ inú rẹ̀, kì í ṣe bóyá ó yẹ kí ó mọ̀. Ẹ bèèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà nílẹ̀ fún un lóòótọ́, nítorí pé awakọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó wakọ̀ mọ́jú tàbí kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń fi ọkọ̀ sáré nítorí pé ó ń dùn mọ́ ọn. Ẹ bèèrè ara ta ni ewu náà wà: ẹni tó ń gun òkè láìní okùn ń fi tirẹ̀ nìkan wewu, ṣùgbọ́n ẹni tó mutí tó wa ọkọ̀ ti fi ti gbogbo ẹni tó wà lójú pópó sí i, wọn kò sì fún un láṣẹ. Ìwọ̀n tí mo ń lò fún ẹnì kejì yìí wúwo gan-an. Ẹ sì bèèrè bóyá àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan ni, ìwà tó ti mọ́ ọn lára ni, tàbí àìsàn ni. Ẹni tí ọtí tàbí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún ṣì ní ẹ̀bi tirẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń sọ pé rárá ti dín kù, ìwọ̀n tó bá sì kọ̀ láti ka ìyẹn sí kò pé.

Ibi tí àwa tó ń dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́ ti sábà máa ń ṣìnà ni pé àbájáde ni à ń fi dájọ́. Ẹ wo àwọn méjì tí oorun ń kùn lójú wọn bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lọ sílé ní òru kan náà. Ọ̀kan délé, ó sùn, kò sì rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Èkejì tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ìwà kan náà ni àwọn méjèèjì hù, ẹnì kan ṣoṣo ni a sì pè ní aláìbìkítà. Mo máa ń rọ ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ líle sí onítọ̀hún pé kí ó kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti délé láyọ̀ láìtọ́ sí i.

Ìwọ̀n wa tún ń yẹ̀ nípa irú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí pápá, a ó kí i ní akọni. Bí ọ̀mùtí bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí, a ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò lo oògùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé kò pariwo, kò sí ẹni tó ń pè é ní àfọwọ́fà.

Ẹ má sì gbàgbé láti wọn ìpín ti àwùjọ. Ọdún 1959 ni Nils Bohlin, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Volvo ní Swídìn, ṣe bẹ́líìtì ọkọ̀ tó mú èjìká àti ìbàdí pọ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì gba àwọn tó kù láyè láti ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 1970, ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà di àkọ́kọ́ láti fi òfin dè é pé dandan ni kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ máa dì í. Àwọn tó kú ṣáájú àkókò yẹn ńkọ́? Lọ́dún 1997, ilé aṣòfin Swídìn gba ìlànà kan wọlé tó sọ pé ènìyàn á máa ṣàṣìṣe, àti pé ẹni tó ń ya ọ̀nà àti ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é kí àṣìṣe má máa já sí ikú. Ìyẹn ni wọ́n fi ń dábàá pé kí eré ọkọ̀ má ju 30 kìlómítà ní wákàtí kan lọ níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ bá ti ń pàdé. Wọn kò dá awakọ̀ sílẹ̀ kúrò nínú ẹ̀bi tirẹ̀. Wọ́n kàn kọ̀ láti jẹ́ kí ó dá a rù.

Owó: ẹ gbà á ṣáájú ewu, ẹ má dúró dìgbà tó bá ṣubú

Gbígbani là kò ní kí a bèèrè ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìnáwó lè bèèrè rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn tó ń pariwo pé “kí ló kàn mí níbẹ̀?” ti ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu, nítorí pé owó tí a fi wo ẹni tó kọ̀ láti dé akoto kì í já bọ́ láti òkè. Ọ̀nà tí a fi ń gbà á ni kí ẹ fara balẹ̀ wò.

Ní New Zealand, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1974, àpò kan wà tó ń san owó ìtọ́jú ẹnikẹ́ni tó bá fara pa nínú jàǹbá, láìwo ẹni tó jẹ̀bi. Nítorí èyí, ènìyàn kò lè gbé ẹni tó ṣe é léṣe lọ sílé ẹjọ́ láti gba owó gbà-máà-bínú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kó owó sínú àpò náà: ẹni tó ní alùpùpù ń dá ju ẹni tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, nítorí pé ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ti san tirẹ̀ kí ó tó ṣubú. Ní Swítsàlandì, ẹgbẹ́ Rega, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé àwọn tó há sórí òkè, owó tí àwọn alátìlẹ́yìn ń dá lọ́dọọdún ló sì ń gbé apá púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà máa ń gba owó ìgbàlà lọ́wọ́ ẹni tó bá fi àìkíyèsára sọnù sórí òkè, ṣùgbọ́n láti ọdún 2015, wọ́n ń ta káàdì kan tí ẹni tó bá rà á kò ní san owó yẹn, àyàfi bí ìwà rẹ̀ bá kọjá àìkíyèsára, tó sì di àìbìkítà gidi.

Èrò tèmi ni pé ọ̀nà tó ń gba owó ṣáájú dára ju èyí tó ń fi ìwé gbèsè pàdé ènìyàn ní bẹ́ẹ̀dì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbani là lórí òkè gan-an ló lòdì sí gbígba owó lẹ́yìn, wọ́n ní ẹni tó ń bẹ̀rù owó á dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú kí ó tó pè, àwọn olùgbàlà ni yóò sì wọ inú òkùnkùn náà lọ. Ìyàtọ̀ wà fún ẹni tó ṣe ẹlòmíràn léṣe: ẹni yẹn ní láti san, kí òfin sì mú un.

Ìgbà tó le jù ni ìgbà tí ohun tí a fẹ́ pín kò tó, tí owó kò sì lè rà á. Lọ́dún 2002, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún George Best, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Northern Ireland tí gbogbo ayé mọ̀, lẹ́yìn tí ọtí ti ba tirẹ̀ jẹ́. Ó padà sídìí ọtí, ó sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2005. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ẹlòmíràn ì bá ti gba ẹ̀dọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìtàn ẹnì kan ṣe òfin. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń ní kí ọ̀mùtí yẹra fún ọtí fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí àìsàn wọn le jù kì í sì í lo oṣù mẹ́fà náà pé láyé. Lọ́dún 2011, àwọn dókítà ní Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù gbé àbọ̀ jáde lórí aláìsàn 26 tí wọ́n fara balẹ̀ yàn, tí wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún láìdúró: nǹkan bí 77 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ pé 23 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti irú wọn tí wọn kò ṣe é fún. Mẹ́ta nínú àwọn 26 náà ló padà mu ọtí.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ fún ọmọ ìgbìmọ̀ kankan ni pé, nígbà tí nǹkan bá ṣọ̀wọ́n, kí ó má bèèrè bóyá ó tọ́ sí i, kí ó bèèrè bóyá yóò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń wo ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n tí kò ní fi ojúsàájú sí i. Ìbéèrè kejì ń wo iwájú, a sì lè yẹ̀ ẹ́ wò: ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nílé, ṣé ó gbà pé òun ní àìsàn, ṣé ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú bárakú?

Nígbà tó bá jẹ́ ti inú ilé

Tẹ́tẹ́ orí fóònù ló mú àbúrò mi ọkùnrin. Nígbà àkọ́kọ́ tí àṣírí tú, a dá owó, a san gbogbo gbèsè náà ní bòókẹ́lẹ́, a sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta. Kò tó ọdún kan tó tún fi jẹ òmíràn. Àwa la kọ́ ọ pé gbèsè tẹ́tẹ́ máa ń pòórá.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní kí ó jókòó, kí ó ṣí fóònù rẹ̀, kí ó máa ka orúkọ àwọn tó jẹ lówó sókè, èmi sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé kan. Ó kọ́kọ́ ń kà á bí ẹni ń ka ìròyìn. Nígbà tó dé orí ìkeje, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n. Kò sí ẹni tó bú u, nítorí pé a ti fẹnu kò kí ó tó dé pé kò sí ẹni tí yóò bú u.

Bí a ṣe pín in rèé, mo sì rò pé ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Ohun tó jẹ́ pé bí a kò bá san án, yóò fi ìyà jẹ àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni àwa gbà: owó ilé àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, a sì san án tààrà fún onílé àti ilé-ìwé, kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn gbèsè mọ́kànlá náà wà lọ́rùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níṣojú wa láti bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó ti àkáǹtì tẹ́tẹ́ rẹ̀ pa lójú wa, a sì bá a wá ẹni tó mọ̀ nípa bárakú tó ń lọ rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A sọ fún un tẹ́lẹ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́, ohun tí a kò ní ṣe mọ́ bí ó bá tún ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa sì fi kún un pé ọjọ́ yòówù tí ó bá ń rò ó láti pa ara rẹ̀ nítorí owó, kí ó pe òun, kódà bí ó jẹ́ aago mẹ́ta òru, ọ̀rọ̀ gbèsè kò ní sí nínú ìpè yẹn.

Ilẹ̀ Pọ́túgàl ṣe nǹkan tó jọ èyí lórí oògùn olóró. Láti ọdún 2001, ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú èyí tí kò ju ìlò ọjọ́ mẹ́wàá lọ kì í ṣe ọ̀daràn mọ́, ṣùgbọ́n kò lè kàn máa lọ sílé; ó gbọ́dọ̀ fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ kan tó lè darí rẹ̀ síbi ìtọ́jú tàbí kí wọ́n bu ìtanràn lé e. Ọwọ́ òsì bá a wí, ọwọ́ ọ̀tún sì fà á mọ́ra.

Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé, tó sì kọ ìtọ́jú, ẹ kò lè fi ipá ṣe é fún un. Ẹ lè dáàbò bo àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ lè gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lè kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ó mọ nọ́ńbà tí yóò pè.

Àpòòwé yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mẹ́sàn-án ni àbúrò mi ti fa ìlà lé nínú àwọn orúkọ mọ́kànlá náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ tó san án sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ó ń sọ pé ìyà náà pọ̀ jù, pé àwọn ẹbí ẹlòmíràn ì bá ti san án tán. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Ní oṣù tó kọjá, ó wá gba àpòòwé náà, ó fa ìlà kẹsàn-án, ó sì dá a padà fún mi pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀.